Lẹ́tà ṣíṣí sí ọ̀gá mi àná, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi iṣẹ́ ni lẹ́tà yìí máa bá yín, ó dá mi lójú, nítorí ibẹ̀ ni mo máa ń bá yín láràárọ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì máa ń fi yín sílẹ̀ sí lálẹ́, fún odidi ọdún mẹ́fà.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹ ti gba àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, pé ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ sì fẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí díẹ̀ sí wọn. Ẹ ní kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é tí orúkọ mi fi máa ń wà lókè pátákó tí ẹ fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wa lóṣooṣù. Ẹ ní kó má ju ojú ewé kan lọ. Inú mi dùn pé ẹ rántí mi. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà láti kọ ọ́. Mo kọ ìlà mẹ́ta, mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn, mo tún pa á rẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi kọ́ ni ọwọ́ mi ń kọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí dípò rẹ̀, mo sì kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ náà, bí iṣẹ́ ṣe ń gba ìsinmi lọ́wọ́ wa, ti kọjá èmi àti ẹ̀yin. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló ní irú pátákó kan lọ́rùn. Ẹni tí kò ní ọ̀gá gan-an ti di ọ̀gá tó ń lé ara rẹ̀ kiri.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan, kó má baà dà bíi pé mo wá ba orúkọ yín jẹ́. Ẹ kò ṣe ìkà sí mi. Ẹ kò jẹ mí lówó oṣù rí. Nígbà tí ara mi kò yá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè. Ohunkóhun tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro fún wa láti kọ̀. Aago márùn-ún ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ wa sọ pé iṣẹ́ ń parí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dìde láago márùn-ún. Ìró sípù báàgì yín la máa ń retí. Bí ẹ bá ti fà á báyìí, gbogbo yàrá á mí kanlẹ̀, àga á bẹ̀rẹ̀ sí í sún, àwọn ènìyàn á máa wá bàtà wọn lábẹ́ tábìlì. Nígbà míràn aago mẹ́jọ ni, nígbà míràn mẹ́sàn-án. Ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó má lọ. Ẹ kò ní láti sọ ọ́.

Pátákó yẹn náà ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ló wà, ẹnikẹ́ni kò lè wọlé kó má rí i. Orúkọ wa wà lójú rẹ̀, àwọ̀ ewé fún ẹni tó ń ṣe dáadáa, àwọ̀ ìyeyè fún ẹni tó ń fà sẹ́yìn, pupa fún ẹni tó ti já bọ́. Ọdún mẹ́fà, n kò wọ pupa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ fẹ́ kí n sọ fún àwọn ọmọ tuntun nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn.

Bàbá mi wà ní ọsibítù, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, mo sì lọ sùn tì wọ́n. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi dání. Mo gbé e lé itan, mò ń tún ìròyìn iṣẹ́ kan kọ tí ẹ ní ẹ fẹ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti tó aago mọ́kànlá, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló kù nínú yàrá. Bàbá mi lajú, wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi sọ nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, Bàbá, mo fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ ni." Wọ́n ní kò burú. Wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n ń wo ìka mi bó ṣe ń lọ lórí bọ́tìnì. Ìṣẹ́jú márùn-ún di ogójì. Ìgbà tí mo fi máa pa kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ti sùn lọ.

Ọpẹ́ ni pé ara wọn yá, wọ́n wà láàyè dòní. Mo ti bi wọ́n ní àìmọye ìgbà pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. Ìròyìn tí mo tún kọ náà, ẹ kò ráyè kà á títí ọ̀sẹ̀ fi parí. N kò fi ìyẹn dá yín lẹ́bi, iṣẹ́ wọ yín lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún mi pé kí n gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Èmi ni mo gbé e. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé inú mi dùn sí ara mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wo ara mi bí akíkanjú.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá dilẹ̀ lèṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Kò sí èébú tó ń dun ènìyàn tó kí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú ni. Ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n dáwọ́ dúró. Òkùnkùn ló ń bá wọn ti ilẹ̀kùn iṣẹ́. Àwa ti fi iná mànàmáná lé òkùnkùn lọ, a tún ti fi fóònù gbé ibi iṣẹ́ sínú àpò, a gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Òwe náà ò yí padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti yọ.

Wákàtí mẹ́jọ tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wa kò ṣàdédé débẹ̀. Ní 1817, Robert Owen, tó jẹ́ ẹni tó ń darí ilé iṣẹ́ òwú, ti ń sọ pé kí wọ́n pín ọjọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, wákàtí 8 fún iṣẹ́, 8 fún fàájì, 8 fún ìsinmi. Lọ́dún 1856, àwọn agbẹ́kúta tó ń kọ́lé ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà gbé irinṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba àárín ìlú, wọ́n sì gba wákàtí 8 náà láìjẹ́ pé wọ́n gé owó wọn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1886, ọ̀kẹ́ àìmọye òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun kan náà, ẹ̀mí sì bá a lọ ní Chicago láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ la fi ń rántí wọn títí dòní. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, sílẹ̀ lọ́dún 1919, àdéhùn wọn kìíní gan-an dá lórí wákàtí iṣẹ́, 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá. Mo máa ń ronú sí i. Àdéhùn tí wọ́n fi ṣíwájú gbogbo àdéhùn, kò dá lórí iye owó, àkókò ló dá lé. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní 1911, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń fa wákàtí yẹn mọ́ àwọn onílé iṣẹ́ lọ́wọ́, Frederick Winslow Taylor ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì darí òṣìṣẹ́. Aago ló fi ń ṣọ́ ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì kó nǹkan, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ó ń wá bí ọwọ́ ṣe lè yá sí i. Aago yẹn ni bàbá pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n aago Taylor dúró sẹ́nu géètì ni, kò bá òṣìṣẹ́ délé. Tiwa ń bá wa wọ yàrá.

Lọ́dún 1930, onímọ̀ ọrọ̀ ajé John Maynard Keynes sọ pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ọrọ̀ ayé á ti pọ̀ débi pé wákàtí 15 lọ́sẹ̀ á tó ènìyàn láti ṣiṣẹ́. Ó rò pé ohun tó máa dà wá láàmú ni bí a ṣe máa lo àkókò tó ṣẹ́kù. 2030 ti sún mọ́lé. Ọrọ̀ tó sọ, púpọ̀ rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ogún ènìyàn wá. Àkókò yẹn nìkan ni a kò rí. Ẹ̀yin náà rántí ìgbà tí wọ́n gbé ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà wa, wọ́n ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á di ti ọjọ́ kan. Ó di ti ọjọ́ kan lóòótọ́. Ọjọ́ méjì tó kù ni wọ́n fi táágẹ́ẹ̀tì tuntun dí. Níbi iṣẹ́ wa, kí ni èrè ẹni tó bá tètè parí iṣẹ́ tirẹ̀? Wọ́n á gbé ti ẹlòmíràn lé e lọ́wọ́ ni.

Ẹ fẹ́ràn láti máa sọ pé iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi ka ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ILO jọ gbé jáde lọ́dún 2021. Wọ́n ṣírò ọdún 2016, wọ́n ní nǹkan bí ẹni 745,000 ló kú lágbàáyé lọ́dún yẹn nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tó wá láti ara iṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Bí a bá fi ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 wé ẹni tó ń ṣe 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lára ẹni kejì, ewu kí àrùn ọkàn pa á fi ìdá 17 lé sí i. Ní Japan wọ́n ti fún irú ikú bẹ́ẹ̀ lórúkọ, karoshi, wọ́n sì ṣe òfin láti dènà rẹ̀ lọ́dún 2014. Mo mú ìwé kékeré tí mo fi ń kọ wákàtí mi, mo ṣírò oṣù tí ẹ fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ. Wákàtí 63 lọ́sẹ̀. Ìwé ẹ̀yẹ yẹn ṣì wà lára ògiri nígbà náà. Mo yọ ọ́.

Ó wá kan ọjọ́ Ẹtì yẹn, ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí.

Ẹni mẹ́ta kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù kan. Ẹ pè wá jọ, ẹ ní ẹ ti gbọ́ igbe wa, pé láti oṣù yẹn lọ, a ó máa gba ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo lóṣù láti sinmi. A pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ wá sọ ìdí rẹ̀, ẹ ní ìwádìí ti fi hàn pé òṣìṣẹ́ tó bá sinmi ń ṣe iṣẹ́ jáde ju èyí tí kò sinmi lọ. Ní ìparí oṣù, pátákó fi hàn pé iṣẹ́ kò pọ̀ sí i. Lóṣù kejì bákan náà. Lóṣù kẹta, ọjọ́ Ẹtì náà di àwátì. Ẹ kò tilẹ̀ kéde rẹ̀. A kàn rí i pé wọ́n fi ìpàdé sí i.

N kò sọ pé irọ́ ni ìwádìí náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lọ́dún 1915 lórí ìlera àwọn tó ń ṣe ohun ìjà. Ní 2014, onímọ̀ ọrọ̀ ajé John Pencavel ní Yunifásítì Stanford tún àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, ó sì rí i pé bí wákàtí bá ti kọjá nǹkan bí 50 lọ́sẹ̀, ohun tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ń mú jáde ń lọ sílẹ̀, débi pé ẹni tó ṣe 70 kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ju ẹni tó ṣe 56 lọ. Ní Iceland, láàárín 2015 sí 2019, òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,500 dín wákàtí wọn kù sí 35 tàbí 36 láìgé owó wọn, iṣẹ́ sì ń lọ geerege. Lọ́dún 2022, ilé iṣẹ́ 61 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin wò fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tó parí, 56 nínú wọn ní àwọn á máa bá a lọ.

Mo yọ̀ nígbà tí mo kà á, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Àmọ́ ẹ wo bí gbogbo wa ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ ni pé iṣẹ́ kò dín kù. A ń sáré sọ ọ́, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Tó bá wá dín kù ńkọ́? Ká ní ìdá kan nínú ogún iṣẹ́ lọ, tí àwọn òbí sì wà nílé nígbà tí ọmọ dé, ṣé a ó dá àkókò náà padà, ká bẹ̀bẹ̀ pé a ṣe àṣìṣe? Ìsinmi tí wọ́n bá fún mi nítorí kí n lè ṣiṣẹ́ sí i, iṣẹ́ náà ni, aṣọ míràn ló kàn wọ̀. Bí a ṣe ń rọ epo sínú ọkọ̀ nìyẹn. A kì í bi ọkọ̀ bóyá ó gbádùn epo.

Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1948, sọ ọ́ nínú abala rẹ̀ kẹrìnlélógún pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti fàájì, kí wákàtí iṣẹ́ ní ìwọ̀n tó bójú mu, kí wọ́n sì máa gba ìsinmi ẹnu iṣẹ́ lóòrèkóòrè tòun ti owó. Ó parí síbẹ̀. Ẹ wá a títí, ẹ kò ní rí "kí wọ́n baà lè" níbẹ̀. Wọn kò so ó mọ́ èso kankan. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn abala yẹn nìyẹn, mo ti há a sórí.

Obìnrin kan wà tó jókòó kọjú sí mi fún ọdún méjì. Ẹ mọ ẹni tí mò ń wí. Lẹ́yìn tó bímọ, orúkọ rẹ̀ kò kúrò ní pupa mọ́. Láàárọ̀, kó tó dé ọ́fíìsì, ó ti wẹ ọmọ, ó ti fún un lọ́mú, ó ti tọ́jú ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde, ó ti fọ aṣọ. Ó máa dé tòun ti omi lára ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Pátákó yóò sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé obìnrin yìí kò ṣe tó. ILO ṣírò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018. Ní orílẹ̀-èdè 64 tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ wọn, wákàtí bílíọ̀nù 16.4 ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe ìtọ́jú ọmọ, arúgbó, aláìsàn àti ilé lójoojúmọ́ láìgba kọ́bọ̀, àwọn obìnrin ló sì ń ṣe ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ. Bí àwọn ènìyàn yẹn bá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan péré, kò sí òṣìṣẹ́ tó máa rí aṣọ wọ̀ débi pátákó. Mo rí i tó ń wo orúkọ ara rẹ̀ ní ọjọ́ kan, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. N kò sọ nǹkan kan fún un. Tèmi wà nínú àwọ̀ ewé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ka èyí, á béèrè pé ẹni tí kò ríṣẹ́ rárá ńkọ́, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì kó tó lè san owó ilé ńkọ́. Wọ́n wà lọ́kàn mi. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì, owó tó yẹ kí iṣẹ́ kan ṣoṣo máa san fún un ni ìsinmi tiẹ̀. Ní ti ẹni tí kò ríṣẹ́, òun ni wọ́n máa ń nawọ́ sí níta nígbàkigbà tí ẹni tó wà nínú ilé bá ní ó rẹ òun. Ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ kún dúrọ́ọ̀ yín. Kò sí èyí tó jèrè nínú àwa àti àwọn tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì rò pé mo ti di ọ̀tá iṣẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́. Ẹ rántí ìgbà tí owó méjì kò bára mu nínú ìwé ìṣirò, tí mo fi wákàtí mẹ́ta wá a, tí mo sì rí i pé odo kan ṣoṣo ló sọnù ní ojú ewé kejìlá? Mo pariwo. Ẹ̀yin náà pariwo, ẹ gbá mi lọ́wọ́. Pátákó kò ka wákàtí mẹ́ta yẹn sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọjọ́ tó dùn jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín, mo rò pé ó ti tán. Kò tán. Mo ra aago ọwọ́ kan tó ń ka ìgbésẹ̀. Aago náà ń ka oorun pẹ̀lú. Bí mo bá jí láàárọ̀, á ti fún mi ní máàkì, 71 nínú 100, 68 nínú 100. Ọjọ́ tí mo bá gba 60, inú mi á bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ara mi yá gágá kí n tó wò ó. Mo wá ń sùn kí n lè gba máàkì. Bí mo bá kàwé, mo ń kọ iye ojú ewé sílẹ̀. Mo gba ètò kan sórí fóònù tó ń kọ́ni bí a ṣe ń mí, ó sì ń fi iná kékeré hàn mí fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo bá mí láìpa ọjọ́ kan jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣeré lórí ilẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún. A ń fi páálí kọ́ ilé. Ó dáwọ́ dúró, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé àkókò tí ẹ máa lọ ti tó ni?" Mo ní rárá o, kí ló dé? Ó ní, "Ẹ ń wo aago."

Mo bọ́ aago yẹn níbẹ̀. Mo fi í sábẹ́ òrùlé ilé páálí náà, ọmọ náà sì ní ó jẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn.

Ó gbà tó oṣù mẹ́rin kí n tó lè jókòó lásán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, òjò ń rọ̀. Mo gbé àga sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń wò ó. Ó rọ̀, ó rọ̀, ó dá. Ẹyẹ kan wá gbọn ara rẹ̀ nù lórí wáyà. N kò ya fọ́tò rẹ̀. N kò rò pé mo ń kó agbára jọ de ọjọ́ Ajé. Mo kàn wà níbẹ̀ ni. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi, àyàfi pé ó ṣe mí bíi pé ẹnìkan dá nǹkan kan tó ti yá lọ́wọ́ mi padà fún mi.

Ọ̀rọ̀ yín ló kù. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dá ilẹ̀kùn náà padà. Ní Faransé láti 2017, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 50 gbọ́dọ̀ bá wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ láti pa fóònù iṣẹ́ tì. Potogí ṣe òfin lọ́dún 2021 pé kí ọ̀gá má ṣe máa kàn sí òṣìṣẹ́ nígbà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, àyàfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Ọsirélíà ṣe tirẹ̀ ní 2024. Ẹ̀yin kò ní láti dúró de òfin. Ẹ gbé pátákó yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ bá sọ sí yín lọ́kàn láago mọ́kànlá alẹ́, ẹ kọ ọ́ síbì kan, ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Ẹ dá ọjọ́ Ẹtì padà, ẹ má sì sọ ìdí kankan.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ọ̀gá mi? Ní gbogbo ọdún mẹ́fà, n kò gbọ́ kí ẹ sọ ibì kan tí ẹ lọ, tàbí ohun kan tí ẹ ṣe tí kò jẹ mọ́ iṣẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo ni ẹ sọ fún mi pé ẹ máa ń kọrin nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, pé ohùn yín dára. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì yí padà sí kọ̀ǹpútà. Mo ń ronú nípa ohùn yẹn ju bí ẹ ṣe lè rò lọ.

Ẹ ní ojú ewé kan ni kí n kọ sí àwọn ọmọ tuntun. Ẹ fún wọn ní lẹ́tà yìí tí ẹ bá fẹ́, ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Tí ẹ kò bá sì fẹ́, ohun kan wà tó máa yé wọn ju ohunkóhun tí mo lè kọ lọ. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, tí aago bá ti lu márùn-ún, kí gbogbo wọn ṣì jókòó, kí wọ́n ṣì máa dọ́gbọ́n wo ọ̀dọ̀ yín, ẹ gbé báàgì yín lé orí tábìlì, ẹ fa sípù rẹ̀ kí wọ́n gbọ́, kí ẹ sì dìde.

Ẹ kú ìsinmi, ọ̀gá mi.

Èmi ni,
ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn